Agolo Yúríà Kan fún Àgùntàn Méjìlá

Bí ẹ bá dé ọjà Ìkéré tí ẹ ní Ìyábọ̀ Fámúyìwá lẹ ń wá, ó ṣeé ṣe kí wọ́n kọ́kọ́ máa wojú ara wọn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní Ìyá Eléènì ni, ọmọ kékeré yóò fà yín lọ́wọ́ dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ta gàrí lọ́jà yẹn, ẹnikẹ́ni kò sì lè jáde síta kó sọ pé òun rí i kó wọn kóńgò pẹlẹbẹ fún òun rí. Kóńgò tirẹ̀ a máa ní orí. Yóò bu gàrí kún un, yóò fi ọwọ́ òsì ṣe odi yí ẹnu rẹ̀ ká, yóò sì máa bù lé e títí orí rẹ̀ yóò fi ga ṣóńṣó, tí gàrí yóò máa ya sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́. Lẹ́yìn èyí ni yóò wá bu ẹ̀kúnwọ́ kan sí i. Èènì nìyẹn. Àwọn tó máa ń gé orí kóńgò nígbà tí ọjà bá wọ́n, kì í bá wọn ṣe. Ó ní ahun ni wọ́n.

Ẹ má rò pé ó ń ṣe ṣekárími. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nìyẹn. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni nígbà tí ìyá rẹ̀, tóun náà ta gàrí títí tó fi kú, gbá a létí lójú gbogbo ọjà nítorí pé ó wọn gàrí pẹlẹbẹ fún obìnrin kan tó gbé ọmọ pọ̀n. Láti ọjọ́ náà, ọwọ́ rẹ̀ kò tún mọ bí wọ́n ṣe ń wọn nǹkan tí kò ní orí.

Nígbà tí egungun ìbàdí bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún tí kò lè jókòó lórí àpótí látàárọ̀ dalẹ́ mọ́, tí ọkọ rẹ̀ sì ti kú, ó fi ọjà sílẹ̀. Ṣèyífúnmi, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, tó ń gbé l'Ékòó, ní kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun. Ó lọ lóòótọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi jókòó sínú pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tó ń wo ògiri, kó tó ní kí wọ́n dá òun padà sílé kí òun má baà ya dìndìnrìn. Bó ṣe dé, ó ra abo àgùntàn kan, ó so ó mọ́ ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ní ọ̀nà Ìsẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí fi máa ṣẹlẹ̀, wọ́n ti di méjìlá. Mẹ́wàá jẹ́ tirẹ̀. Méjì tó kù, abo ni wọ́n, Àrẹ̀mú ló ni wọ́n, bàbá kan tó ń dá ẹmu ládùúgbò náà. Ó kó wọn fún un pé kó bá òun sìn wọ́n, bí wọ́n bá bímọ kí àwọn jọ pín in. Irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ kì í ní ìwé láàrin wa. Ẹni tí ọkàn bá balẹ̀ sí ni wọ́n ń kó ẹran fún. Bí ẹran bá kú tí kì í ṣe ẹ̀bi ẹni tó ń sìn ín, a ó ní Ọlọ́run ló gbà á. Bó bá jẹ́ ẹ̀bi rẹ̀, yóò fi tirẹ̀ dí i, ojú yóò sì tì í.

Ẹ̀ẹ̀rùn ló ń bá àwọn àgùntàn náà jà. Láyé àtijọ́, ṣe lèèyàn ń tú ẹran sílẹ̀ láàárọ̀ tí yóò sì wálé fúnra rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ta ló tó bẹ́ẹ̀ nísinsìnyí? Ẹran tó bá ti wọ oko olóko, ẹjọ́ dé nìyẹn. Nínú ọgbà ni Ìyábọ̀ so tirẹ̀ mọ́. Bí ọyẹ́ bá sì ti mú, tí iná bá ti jó igbó tán ní gbogbo ẹsẹ̀ òkè Olósùnta, kò tún sí koríko tútù mọ́. Èèpo ẹ̀gẹ́ gbígbẹ nìkan ni wọ́n ń jẹ láti oṣù Bélú títí di ìgbà tí òjò bá padà. Èèyàn lè ka ìhà wọn láti ojú ọ̀nà. Ó máa ń dun Ìyábọ̀ gidigidi, nítorí pé kò lè rí ohun tí ebi ń pa kó gbójú kúrò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí tí Bándélé fi dé. Ọmọ Ìjàn ni, ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún dáadáa, ó sì ń kàwé gba oyè kejì lórí oúnjẹ ẹran ní ilé ẹ̀kọ́ kan tí kò jìnnà síbẹ̀. Ọdún méjì ló yẹ kó fi kà á, ó ti wọ ọdún karùn-ún. Ìyanṣẹ́lódì jẹ nínú rẹ̀, àìsàn bàbá rẹ̀ jẹ nínú rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń kọ́ ilé. Ohun tó kù fún un kò ju kó rí àgùntàn méjìlá tí yóò fi oúnjẹ tó ń ṣe bọ́ fún àádọ́rùn-ún ọjọ́, kó máa wọ̀n wọ́n, kó kọ ohun tó bá rí sílẹ̀, kó gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ ti ṣèlérí fún un pé bó bá gbà á, àyè iṣẹ́ olùkọ́ kan ń bẹ níbẹ̀.

Oúnjẹ wo ló ń ṣe? Ọrọ́ ni. Nígbà tó sọ ọ́, Àrẹ̀mú bú sẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá dàgbà níhìn-ín mọ ọrọ́ tí a fi ń ṣe ọgbà, èyí tí oje funfun rẹ̀ bá kán sí ojú, ojú di fífọ́.

"Ọ̀gbẹ́ni, ẹran tó bá jẹ ọrọ́, ukú ló jẹ," ni Àrẹ̀mú wí. "Ṣé ugi ló tán nínú ugbó ni?"

Bándélé kò bínú. Ó ṣàlàyé pé tòun kì í ṣe ìyẹn, ọrọ́ òyìnbó ni. Kò ní oje funfun, èyí tí òun gbìn kò sì ní ẹ̀gún. Ewé rẹ̀ fẹ̀, ó nípọn bí àtẹ́lẹsẹ̀ àgbẹ̀. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn tí gbogbo nǹkan gbẹ, omi ló máa ń kún inú rẹ̀. Ó gé ọ̀kan, ó bó o, ó jẹ ẹ́ lójú wọn. Ìyábọ̀ náà tọ́ ọ wò. Ó ń yọ̀ lẹ́nu bí ilá, ó sì kan díẹ̀. Àwọn àgùntàn ní tiwọn kò bi í ní ìbéèrè kankan, wọ́n jẹ ẹ́ tán.

Ṣùgbọ́n ọrọ́ òyìnbó nìkan kò tó oúnjẹ. Bándélé ní omi ló pọ̀ nínú rẹ̀. Yóò kún ikùn ẹran, yóò sì mú kó máa yàgbẹ́ gbuuru, àmọ́ kò ní sọ ọ́ di ẹlẹ́ran lára. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń gé e wẹ́wẹ́, tí wọ́n ń pò ó mọ́ èèpo ẹ̀gẹ́ gbígbẹ kí ìgbẹ́ wọn lè le, tí wọ́n ń fi iyọ̀ díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá fi yúríà sí i, ajílẹ̀ funfun wóró-wóró tí àgbẹ̀ ń dà sí ìdí àgbàdo. Ó ní àwọn ohun ẹlẹ́mìí tín-tìn-tín kan wà nínú ikùn àgùntàn tí ojú kò lè rí, yúríà yìí ni oúnjẹ tiwọn, àwọn ni wọ́n sì ń sọ ọ́ di ẹran fún àgùntàn.

"Ṣùgbọ́n bó bá ti pọ̀ jù fún wọn, Mọ́mì, wọn ò ní í lè jẹ ẹ́ tán. Á wọnú ẹ̀jẹ̀. Májèlé ni nígbà yẹn."

Ìyábọ̀ gbọ́ o. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kò gbọ́. Ó tún un sọ fún Àrẹ̀mú lọ́jọ́ kejì, ó fi kún un pé iyọ̀ ọbẹ̀ náà kò gbọdọ̀ pọ̀ jù.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ó lé díẹ̀ ni Bándélé fi ń wá láràárọ̀. Láti ilé ẹ̀kọ́ ló ti máa ń di yúríà náà sínú ọ̀rá kékeré, tó ti fi òṣùwọ̀n wọ̀n. Díẹ̀díẹ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀ kí ikùn wọn lè mọ̀ ọ́n lára. Tó bá dé, yóò tú ọ̀rá, yóò dà á sínú korobá omi, yóò rò ó, yóò sì wọ́n ọn sórí oúnjẹ inú ọpọ́n. Ìyábọ̀ ló ń gé ọrọ́. Wọ́n a máa ṣiṣẹ́, wọ́n a máa tàkúrọ̀sọ. Bí oúnjẹ bá wà, wọ́n a jọ jẹun. Ó di pé bí ọmọkùnrin náà bá pẹ́ dé, Ìyábọ̀ a máa wo ọ̀nà. Ara àwọn ẹran náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í dán. Ìhà tí èèyàn ń kà tẹ́lẹ̀ bò mọ́lẹ̀. Méjì nínú àwọn abo Ìyábọ̀ bímọ láàrin ọyẹ́, àwọn ọmọ náà sì yè. Àwọn ará àdúgbò ń dúró lẹ́nu ọ̀nà wò wọ́n. Àrẹ̀mú kò rẹ́rìn-ín mọ́, ó ń béèrè ibi tí èèyàn ti lè rí ọrọ́ náà gbìn.

Ó ku ọjọ́ mẹ́rìndínlógún kí àádọ́rùn-ún ọjọ́ pé, wọ́n pe Bándélé lọ sí Ìbàdàn fún ọ̀sẹ̀ kan, kó lọ sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ rẹ̀ níwájú àwọn àgbà onímọ̀. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò lè dúró sójú kan. Ó gbé àpò yúríà kékeré kan wá, ó sì fi agolo mílíìkì kan lé e lórí. Ọlọ́kadà ti ń ké sí i lójú ọ̀nà.

"Agolo kan péré lójúmọ́, Mọ́mì, fún gbogbo wọn. Ẹ pò ó mọ́ omi bí a ṣe ń ṣe."

"Agolo kan. Mo gbọ́. Máa lọ, Ọlọ́un á ṣọ́ ọ."

Ibi tí wàhálà wà gan-an nìyẹn, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tó ṣẹ̀ nínú wọn. Lójú ẹni tó kàwé, agolo kan ni èyí tó kún tí wọ́n sì gé orí rẹ̀ dọ́gba. Kò tilẹ̀ wá sí Bándélé lọ́kàn pé ẹnìkan lè rò ó lọ́nà mìíràn. Lójú Ìyábọ̀, agolo tí kò bá ní orí kò tíì kún.

Lọ́jọ́ Ajé, ó gé ọrọ́, ó tú èèpo ẹ̀gẹ́ sí i, ó sì ki agolo bọ inú àpò. Ọwọ́ òsì rẹ̀ lọ yí ẹnu agolo náà ká fúnra rẹ̀. Ó bù ú títí tó fi ga tí àwọn wóró funfun náà ń já bọ́. Ó dà á sómi. Ó wá rántí àwọn abiyamọ méjèèjì tí wọ́n ń fún ọmọ lọ́mú nínú ọyẹ́, àánú wọn ṣe é. Ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan sí i. Ó rò ó, ó wọ́n ọn, ó sì ṣí ilẹ̀kùn fún wọn. Ebi ti pa wọ́n mọ́jú, wọ́n ti orí bọ ọpọ́n.

Ó wọlé lọ gbé tíì rẹ̀ kaná. Kò tíì mu ún débi kankan tó fi gbọ́ igbe kan tí kò gbọ́ rí lẹ́nu àgùntàn. Nígbà tó máa fi dé ẹ̀yìnkùlé, àgbò ńlá ti wà nílẹ̀, ó ń japoró, itọ́ funfun ń hó lẹ́nu rẹ̀. Àwọn yòókù ń gbọ̀n. Wọ́n ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́, wọ́n ń forí sọ igi ọgbà, ikùn wọn sì ń wú bọ̀lọ̀ lójú rẹ̀.

"Ọmọ ulé! Ẹ gbà mí o! Ẹran mi ń kú o!"

Àrẹ̀mú ló kọ́kọ́ dé. Ìyábọ̀ pe Bándélé lórí fóònù, Àrẹ̀mú ló bá a tẹ̀ ẹ́. Ọmọkùnrin náà ní kí wọ́n gbé ọpọ́n kúrò. Ó ní kí wọ́n wá ọtí kíkan pò mọ́ omi tútù, kí wọ́n dà á sí wọn lọ́fun, pé kíkan rẹ̀ ló lè sé májèlé náà. Níbo lèèyàn ti fẹ́ rí ọtí kíkan òyìnbó ní ọ̀nà Ìsẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé? Àrẹ̀mú ló ronú kàn án pé òun ní ẹmu ọjọ́ mẹ́rin nílé, tó ti kan kọjá mímu. Ó sáré lọ, àgbà ọkùnrin yìí, ó gbé kèǹgbè méjì dé, ẹmu ń dà sí i láyà. Ìyábọ̀ ń la ẹnu ẹran, òun ń dà á sí i. Èyí tó bá sún mọ́ ọn ló ń mú, kò sà wọ́n. Bó ṣe ń fi ẹmu rẹ̀ gba àgùntàn Ìyábọ̀ là ni abo tirẹ̀ méjèèjì kú sẹ́yìn rẹ̀.

Kí oòrùn tó mú, mẹ́sàn-án ti kú nínú méjìlá. Mẹ́ta ló kù, ọ̀kan nínú àwọn abiyamọ wà nínú wọn. Àwọn ọmọ méjèèjì tí kò tíì mọ oúnjẹ ọpọ́n jẹ ń ké kiri láàrin òkú. Ọ̀kan ń fi ẹnu wá ọmú ìyá rẹ̀ tó ti kú. Ìyábọ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún kíkorò. Ẹnìkan yọjú pẹ̀lú ọ̀bẹ pé kí àwọn tètè dúńbú wọn kó tó pẹ́, ó lé e jáde bí ẹní lé ajá. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n sin gbogbo wọn.

Bándélé dé lọ́jọ́ kejì láìtíì sọ ohun tó torí rẹ̀ lọ sí Ìbàdàn. Àdúgbò ti kún ẹ̀yìnkùlé. Ọ̀rọ̀ ti délẹ̀: ọrọ́ ló pa ẹran, a kúkú ti sọ ọ́. Ó kí wọn, kò sí ẹni tó dáhùn dáadáa. Ó wo ibojì náà pẹ́. Lẹ́yìn náà ló mú agolo, ó bu yúríà kún un, ó sì ṣa igi ìgbálẹ̀ kan nílẹ̀. Ó fi fa ẹnu agolo náà láti etí kan dé èkejì, gbogbo ohun tó yọ lórí sì dà nù. Ó ku pẹlẹbẹ.

"Mọ́mì, ṣé báyìí lẹ ṣe wọ̀n ọ́n?"

Ìyábọ̀ wo agolo yẹn. Ìgbà yẹn gan-an ló tó yé e. Kò sẹ́ni tó ní láti ṣàlàyé fún un. Ó rí ọwọ́ òsì ara rẹ̀ yí ẹnu agolo ká, ó rí èènì. Ó gbójú sókè, ojú gbogbo wọn wà lára rẹ̀, ojú Àrẹ̀mú sì wà láàrin wọn. Àánú ló wà lójú ọkùnrin náà. Bó bá ní rárá, òun ló pa ẹran Àrẹ̀mú. Òun, tí wọ́n ń tìtorí òṣùwọ̀n pè lórúkọ, ni òṣùwọ̀n rẹ̀ pa ẹran ẹni ẹlẹ́ni. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, orí ọmọ yìí ni yóò dà lé.

"Báun ni," ló wí. "Agolo kan, bó o ṣe sọ."

Mo bínú sí i níbi yìí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bá ro ara mi dáadáa, n kò mọ ohun tí èmi ì bá sọ níwájú gbogbo èrò yẹn.

Bándélé gbà á gbọ́. Kí ni kò ní í fi gbà á gbọ́? Ó mi orí, ó gbé agolo náà sílẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Lẹ́yìn náà ló dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún Àrẹ̀mú nínú eruku, tàgbàtàgbà rẹ̀. Ó ní ìṣirò òun ló kù káàtó, kí wọ́n dárí jì òun. Àrẹ̀mú ní kó dìde. Ó ní kò sí ohun tí òun fẹ́ gbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, Ọlọ́run ló gbà á. Ìyábọ̀ gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ lẹ́yìn náà tí ọ̀rọ̀ dé ilé ẹ̀kọ́ pé oúnjẹ Bándélé pa ẹran àwọn ará ìlú. Wọ́n ní kó dá iṣẹ́ náà dúró. Ó wá wú àwọn ọrọ́ tó gbìn sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà Ìyábọ̀, ó dáná sun wọ́n. Kò bá a sọ̀rọ̀ púpọ̀ lọ́jọ́ náà, kì í sì í ṣe pé ó ń bá a bínú. Ó ti rù. Láti ìgbà yẹn kò wá mọ́.

Ìyábọ̀ kò jẹun dáadáa mọ́. Ó fẹ́ fún Àrẹ̀mú ní àgùntàn kan nínú mẹ́ta tó kù, Àrẹ̀mú kọ̀, ó ní ta ló ń gba gbèsè lọ́wọ́ ẹni tí Ọlọ́run fìyà jẹ. Ṣèyífúnmi pè láti Èkó, ó ní kó má bara jẹ́, kó ṣáà máa bọ̀. Kò sọ fún òun náà. Ó lè jẹ́ pé báyìí ni ọ̀rọ̀ náà ì bá ṣe rá mọ́ ọn nínú. Ṣùgbọ́n òjò kejì ọdún ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ tán lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Àrẹ̀mú fa ọmọ abo àgùntàn kan wá sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, okùn tuntun wà lọ́rùn rẹ̀.

"Yèyé Ṣèyí, ẹ bá mi sìn ín. Gbogbo ọwọ́ tó wà nínú ulú yìí, tiyín nìkan ni mo mọ̀."

Ó kí i, ó gba okùn náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì wọlé lọ dùbúlẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó ní kí ọlọ́kadà kan gbé òun lọ sí ilé tí Bándélé gbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹ̀kọ́. Gbogbo kòtò ọ̀nà ló ń ro ó ní ìbàdí. Ó pinnu pé bí òun bá ti sọ fún ọmọ náà tán, ọ̀dọ̀ Àrẹ̀mú ló kàn, pẹ̀lú àgùntàn méjì.

Ó bá Bándélé tó ń di ẹrù. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ń ṣe búlọ́ọ̀kù l'Ákùúrẹ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń lọ. Inú rẹ̀ dùn láti rí ìyá náà. Ó fẹ́ lọ ra omi tútù fún un, Ìyábọ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"N kò wọ̀n ọ́n bó o ṣe fi igi fa ẹnu rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo bù ú kó lórí. Mo tún fi èènì sí i, tìtorí àwọn abiyamọ. Uṣẹ́ rẹ kò pa ẹran kankan. Èmi ni. Mo mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ tó o bi mí, mo purọ́ fún ọ lójú gbogbo ayé."

Ìyábọ̀ ń retí kó pariwo. Ó ti múra sílẹ̀ de èébú láti ilé wá.

"Màá bá ọ lọ síbẹ̀ lónìí yìí," ló wí. "Màá sọ ọ́ fún àwọn ọ̀gá rẹ. Wọ́n á fún ọ ní àgùntàn mìíràn. Àbí wọn ò ní í gbọ́?"

"Mọ́mì, wọ́n bi mí léèrè," ni Bándélé wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Wọ́n ní ṣé kì í ṣe ìyá àgbà tó wà níbẹ̀ ló ṣi yúríà wọ̀n? Wọ́n fẹ́ rán èèyàn wá bá yín. Mo ní rárá. Mo kọ ọ́ sínú ìwé pé èmi fúnra mi ni mo wọn ti ọjọ́ náà, pé mo ti dì í sínú ọ̀rá sílẹ̀ fún yín kí n tó lọ. N kò fẹ́ kí wọ́n wá máa fi ìbéèrè da ẹni tí ẹran rẹ̀ kú láàmú. Mo fọwọ́ sí i. Bí mo bá yí i padà báyìí, òpùrọ́ ni mí."

Ìyábọ̀ fẹ́ kúnlẹ̀. Bándélé tètè gbá a mú ní apá méjèèjì.

"Oṣù mẹ́ta ni mo fi bá ara mi jà. N kò sùn. Mo tún ìṣirò yẹn ṣe títí ojú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́, n kò rí ibi tó ti kù káàtó. Níkẹyìn mo gbà fún Ọlọ́run pé n kò mọ iṣẹ́ náà ni, ọkàn mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń balẹ̀ ni. Ẹ wá ń sọ fún mi pé mo mọ̀ ọ́n." Omijé dá sí i lójú, kò nù ún. "Níbo lẹ fẹ́ kí n gbé ìyẹn lọ, Mọ́mì? Ẹ̀ bá má sọ fún mi."

Ó fa àga kan ṣoṣo tó kù nínú yàrá náà fún un nítorí ìbàdí rẹ̀. Ìyábọ̀ jókòó. Bándélé padà sídìí àpò rẹ̀, ó ń ká aṣọ lọ.